Ohun tí ń Mú Àlejò Wá sí Ìlú

Bí a bá ní kí àwọn ọmọ ilé-ìwé girama dárúkọ ibi tí wọ́n bá fẹ́ rìnrìn-àjò lọ fún ìgbádùn, púpọ̀ nínú wọn ni yóò dárúkọ ìlú tí ó wà ní etí òkun. Èyí kò yani lẹ́nu. Ẹni tí a bí sí àárín òkè àti igbó, tí omi tí ó tóbi jù lọ tí ó mọ̀ kò ju odò lọ, yóò fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí omi tí ojú kò lè rí òpin rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti inú ìfẹ́ yìí ni èrò kan ti jáde tí mo fẹ́ ta kò nínú aròkọ yìí. Èrò náà ni pé ìlú tí kò bá sí létí òkun kò ní ohun tí àlejò lè wá wò. Àti pé àwa tí a wà ní ìhà àríwá Èkìtì, ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó, Ìsàn àti àwọn ìlú tí ó yí wọn ká, a kò ní ohunkóhun tí a lè fi han ayé.

Mo gbà pé òkun lẹ́wà, mo sì gbà pé ẹwà a máa fa ojú mọ́ra. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ náà dáradára, a óò rí i pé kì í ṣe omi ni ó ń mú àlejò dúró ní ìlú. Iṣẹ́ ọwọ́ àti ìtàn àwọn ènìyàn ibẹ̀ ni. Etí òkun ilẹ̀ Nàìjíríà gùn láti ẹnubodè ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ títí dé ẹnubodè ilẹ̀ Kamẹrúùnù, omi kan náà ni ó sì ń lu iyanrìn rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Síbẹ̀, ibi púpọ̀ ni àlejò ń gbà kọjá láì bojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n wọn a máa dúró ní Àgbádárìgì. Kí ni wọ́n ń wò níbẹ̀? Wọ́n ń wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn òyìnbó ajíhìnrere kọ́ parí ní ọdún 1845. Wọ́n ń wo ẹ̀wọ̀n irin tí a fi de àwọn ẹrú. Wọ́n sì ń rin ọ̀nà tí a mú àwọn ẹrú náà gbà lọ sí etí òkun. Ohun tí ènìyàn ṣe, ì báà jẹ́ rere, ì báà jẹ́ búburú, ni ó sọ iyanrìn ibẹ̀ di ibi ìrántí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìlú etí òkun nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá mu. Òṣogbo jìnnà sí òkun. Odò Ọ̀ṣun ni ó gba ibẹ̀ kọjá, odò yìí kan náà sì ni ó ń ṣàn wá láti ilẹ̀ Èkìtì, nítorí pé ní Ìgèdè-Èkìtì ni orísun rẹ̀ wà. Bí ó bá jẹ́ omi ni àlejò ń wá, kí ni kò jẹ́ kí gbogbo ayé máa wọ́ lọ sí orísun rẹ̀? Ohun tí ó mú wọn lọ sí Òṣogbo ni pé àwọn ará Òṣogbo pa igbó Ọ̀ṣun mọ́, wọ́n ń ṣe ọdún rẹ̀ láì jẹ́ kí ó parun, àti pé àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà, pẹ̀lú Susanne Wenger tí ó wá láti ilẹ̀ Ọ́síríà, fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún mọ àwọn ère àti ojúbọ tí ó wà nínú igbó náà. Ní ọdún 2005, àjọ UNESCO kọ orúkọ igbó yìí sínú ìwé àwọn ibi tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ máa tọ́jú. Ẹ kíyè sí i pé iṣẹ́ ni ó ṣáájú, òkìkí ni ó tẹ̀lé e.

Ẹ jẹ́ kí a rìn jìnnà díẹ̀ sí i, kí a wo apá ibì kan ní ilẹ̀ Íńdíà tí òkìkí rẹ̀ kàn lónìí láàárín àwọn arìnrìn-àjò. Kérálà ni orúkọ ibẹ̀. Ó wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Íńdíà, ní etí Òkun Lárúbáwá. Ọdún 1956 ni a dá a sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìpínlẹ̀, èdè Malayalam sì ni púpọ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀ ń sọ. Igi àgbọn pọ̀ lọ́dọ̀ wọn bí igi ọ̀pẹ ti pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ata dúdú kan tí ó jẹ́ ìbátan iyèré tiwa náà a máa hù níbẹ̀. Nítorí ata yìí ni àwọn oníṣòwò láti ilẹ̀ Lárúbáwá àti ilẹ̀ Ṣáínà fi ń tu ọkọ̀ lọ síbẹ̀ láti ìgbà láéláé. Nítorí rẹ̀ pẹ̀lú ni Vasco da Gama, ará ilẹ̀ Potogí, fi gba gúúsù ilẹ̀ Áfíríkà yípo, tí ó sì gúnlẹ̀ nítòsí ìlú Kozhikode ní ọdún 1498. Ní Kochi, tí í ṣe ìlú mìíràn ní etí òkun náà, ṣọ́ọ̀ṣì kan wà tí a sin Vasco da Gama sí ní 1524 kí àwọn ènìyàn rẹ̀ tó kó egungun rẹ̀ padà sí ilé. Sínágọ́gù àwọn Júù tí a kọ́ ní 1568 wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn àwọ̀n ńláńlá wà létí omi, tí a so mọ́ igi gígùn, tí àwọn apẹja ń rì sínú omi tí wọ́n sì ń fà sókè. Àwọ̀n àwọn ará Ṣáínà ni a ń pè wọ́n.

Nínú gbogbo ohun tí ó wà ní Kérálà, méjì ni mo fẹ́ kí a kọ́ ẹ̀kọ́ lára wọn. Èkíní ni ọkọ̀ ojú omi wọn. Ọ̀sà àti odò tóóró pọ̀ níbẹ̀, ọkọ̀ igi ńlá tí a fi okùn èèpo àgbọn di pákó rẹ̀ pọ̀ láìlo ìṣó ni wọ́n sì fi ń kó ìrẹsì lórí omi ní àtijọ́. Nígbà tí ọ̀nà mọ́tò dé, tí ọkọ̀ akẹ́rù bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìrẹsì, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọkọ̀ igi náà. Ó rọrùn kí wọ́n fi wọ́n dáná. Ṣùgbọ́n àwọn kan kọ́ yàrá sínú wọn, wọ́n fi ọparun àti ẹní ṣe òrùlé lé wọn lórí, wọ́n sì sọ wọ́n di ilé orí omi tí àlejò lè sùn sí. Iṣẹ́ àtijọ́ tán, wọ́n wá iṣẹ́ tuntun fún ohun èlò àtijọ́. Ọwọ́ àwọn tí ó mọ bí a ti ń kan ọkọ̀ náà kò sì dilẹ̀.

Èkejì ni ijó wọn tí a ń pè ní Kathakali. Ijó onítàn ni. Àwọn oníjó a máa kun ojú ní oríṣiríṣi àwọ̀, wọn a wọ aṣọ tí ó fẹ̀ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, wọn a sì fi ojú, ọwọ́ àti ìka sọ ìtàn láì la ẹnu. Àwọn ọba àti àwọn ọlọ́lá ni ó ń bọ́ àwọn oníjó wọ̀nyí tẹ́lẹ̀ rí. Nígbà tí agbára àwọn ọlọ́lá náà dínkù, ijó náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ. Akéwì kan tí ń jẹ́ Vallathol rí i pé bí a bá dákẹ́, ìran tí ń bọ̀ kì yóò rí oníjó kan ṣoṣo. Ní ọdún 1930, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀, Kerala Kalamandalam ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n kó àwọn àgbà oníjó jọ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, wọ́n sì kó àwọn ọmọdé tì wọ́n lẹ́sẹ̀ láti kọ́ iṣẹ́ náà fún ọdún púpọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ náà wà títí di òní. Àlejò tí ó bá dé Kérálà lónìí, tí ó sì rí Kathakali, ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ yẹn gbà lọ́wọ́ ikú ni ó ń rí.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé, kí a sì bi ara wa léèrè: kí ni àwa ní? Ìrè-Èkìtì, níbi tí Onírè ti ń jọba, ni gbogbo Yorùbá mọ̀ mọ́ ìtàn Ògún. Ibẹ̀ ni wọ́n ní Ògún ti bá àwọn ènìyàn níbi àpèjẹ kan tí èèwọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n fọhùn. Tí kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn, tí kò sì bá ẹmu nínú agbè wọn. Tí ó fi ìbínú yọ idà, tí ó sì kábàámọ̀ nígbà tí ó mọ òtítọ́, tí ó wọlẹ̀ lọ. Mélòó nínú àwọn ìlú ayé ni ó ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ìtàn tí ń kìlọ̀ fún ọmọ ènìyàn pé kí ó wádìí kí ó tó bínú? Ayédé wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ìlú tí Èṣùbíyìí, tí í ṣe Àtá, tẹ̀ dó ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun ń lé àwọn ènìyàn kiri, tí ó kó àwọn tí ogun ti tú ká jọ sí ojú kan. Ní Ayédé ni a ti ń ṣe ọdún Yemọja. Ní ilẹ̀ Bràsíìlì, àwọn ènìyàn a máa gbé òdòdó lọ fún Yemọja ní etí òkun ní ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún. Yemọja yìí kan náà ni a ń bọ ní Ayédé, láàárín òkè, níbi tí òkun jìnnà sí. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Andrew Apter, wá gbé láàárín wọn láti kọ́ nípa ọdún yìí, ó sì gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1992. Ẹni tí ó ti Amẹ́ríkà wá rí ohun tí ó tó kọ ìwé lé lórí. Ǹjẹ́ àwa tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rí i bí?

Ìsàn ní tirẹ̀ jẹ́ ìlú ìkòkò. Àwọn obìnrin ni ó ni iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ Yorùbá, ọwọ́ ìyá ni ọmọbìnrin sì ti ń kọ́ ọ. Iṣẹ́ tí ó gba ọgbọ́n ni, kì í ṣe iṣẹ́ òpè gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti rò. Amọ̀kòkò gbọ́dọ̀ mọ amọ̀ tí ó dára yàtọ̀ sí èyí tí yóò sán. Yóò gún un, yóò ṣa òkúta kúrò nínú rẹ̀, yóò pò ó títí yóò fi rọ̀. Kò ní ẹ̀rọ tí ń yí ìkòkò; ọwọ́ rẹ̀ ni òṣùwọ̀n rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń yí ìkòkò po. Lẹ́yìn tí ó bá ti mọ ọ́n tán, yóò dán an, yóò fín ọnà sí i lára, yóò jẹ́ kí ó gbẹ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá sì tó àkókò, yóò fi igi àti koríko gbígbẹ sun ún ní gbangba. Bí ó bá kánjú, ìkòkò yóò fọ́ nínú iná. Bí ó bá sì pẹ́ jù, yóò bàjẹ́. Èyí ni ìmọ̀ tí ó fún wa ní ìṣaasùn fún ọbẹ̀, àmù tí ń mú omi tutù láìlo iná mànàmáná, orù fún pípọn omi, agbada fún díndín, àti ajere oníhò. Kò sí ìwé tí a kọ ìmọ̀ yìí sí tán. Ìka ọwọ́ àwọn ìyá arúgbó ni ó wà. Ọjọ́ tí ìyá kan bá kú láì rí ẹni kọ́, ìwé kan ni a sin mọ́ ọn.

Ọ̀yẹ́ sì ní ìtàn kan tí ó jọ ti Kérálà. Ní ọdún 1947, àwọn Fadá Ìjọ Àgùdà dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Fadá Kevin Carroll ni a mọ̀ jù mọ́ ọn. Wọ́n kó àwọn agbẹ́gilére, àwọn ahunṣọ àti àwọn tí ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ọnà jọ síbẹ̀. Nínú àwọn àgbà tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni Bándélé, ọmọ Àrẹògún ará Òsì. Àrẹògún yìí jẹ́ ọ̀gá nínú àwọn agbẹ́gilére, ẹni tí ó gbẹ́ àwọn ère Èpá tí ó ní ajagun lórí ẹṣin àti ìyá ọlọ́mọ púpọ̀ lórí. Lọ́dọ̀ Bándélé ní Ọ̀yẹ́ ni Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, ti kọ́ṣẹ́, òun náà tí ó ti ìdílé agbẹ́gilére wá. Làmídì yìí di ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn kárí ayé. Ó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní òkè òkun títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kú láti ọdún 2009.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Kérálà dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní 1930. Ó ṣì wà. Ọ̀yẹ́ dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1947. Ní 1954, ó ti parí. Ọdún méje péré ni ó lò, síbẹ̀ ó fún ayé ní Làmídì Fákẹ́yẹ. Bí ó bá lo àádọ́rin ọdún ńkọ́? Kì í ṣe pé ọgbọ́n wa kéré sí ti àwọn ará Íńdíà. Kì í sì í ṣe pé òkun ni ó bá wọn ṣe é. Wọ́n ní ohun kan, wọ́n sì náání rẹ̀. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ohun tí a ní ni à ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò takò mí. Wọn yóò ní ayé ti yí padà, pé ike àti ìkòkò alúmíníọ̀mù ti gba ọjà lọ́wọ́ ìkòkò amọ̀, wọ́n fúyẹ́, wọn kì í sì í tètè fọ́. Òtítọ́ ni. N kò sọ pé kí ìyàwó ilé kó ike rẹ̀ dà nù. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọkọ̀ ìrẹsì Kérálà: bí iṣẹ́ àtijọ́ bá tán, a máa ń wá iṣẹ́ tuntun fún ohun èlò ni. Bí ẹ bá ní ogún náírà lọ́wọ́, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Obìnrin tí ẹ óò rí tí ó ń mọ ìkòkò níbẹ̀ ni Ladi Kwali. Ọwọ́ ìbátan rẹ̀ obìnrin ni ó ti kọ́ iṣẹ́ ìkòkò ní abúlé, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ Ìsàn ti ń kọ́ ọ lọ́wọ́ ìyá wọn. Ní 1954 ni ó wọ ibi iṣẹ́ ìkòkò tí òyìnbó kan, Michael Cardew, dá sílẹ̀ ní ìlú tí a ń pè ní Súlèjà lónìí. Kò kọ ọgbọ́n ìyá rẹ̀ sílẹ̀; ó fi ti òyìnbó kún un ni, ìkòkò rẹ̀ sì gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Amọ̀kòkò ni a ya àwòrán rẹ̀ sí owó orílẹ̀-èdè wa yìí. Ta ni yóò tún sọ pé iṣẹ́ òtòṣì ni?

Àwọn mìíràn yóò ní ọ̀rọ̀ òrìṣà ni èyí, pé onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí kò gbọ́dọ̀ dá sí i. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rí-ọkàn olúkúlùkù, n kò sì rọ ẹnikẹ́ni láti bọ ohun tí kò gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo Ọ̀yẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Fadá Ìjọ Àgùdà ni ó pe iṣẹ́ náà jọ. Ọmọ ẹni tí ó gbẹ́ ère Èpá ni ó ń kọ́ni. Mùsùlùmí sì ni Làmídì tí ó ń kọ́ṣẹ́. Àwọn agbẹ́gilére ibẹ̀ gbẹ́ ìtàn ìbí Jésù, wọ́n sì gbé adé àti aṣọ ọba Yorùbá wọ àwọn amòye tí ó mú ẹ̀bùn wá. Kò sí ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ sọnù nínú wọn. Ohun tí wọ́n jọ pín ni ọgbọ́n ọwọ́, ọgbọ́n kì í sì í ṣe ti ẹ̀sìn kan ṣoṣo.

Kí n tó sọ ohun tí ó yẹ kí a ṣe, ó yẹ kí n kìlọ̀ pẹ̀lú. Àlejò dára, ṣùgbọ́n kò yẹ kí onílé di ìránṣẹ́ àlejò nínú ilé ara rẹ̀. Ní Kérálà náà, àwọn ilé orí omi ti pọ̀ dé ibi pé epo àti ìdọ̀tí wọn ń ba omi jẹ́ fún àwọn tí ń pẹja níbẹ̀. Bí a bá ń mọ ìkòkò kìkì nítorí àwòrán tí àlejò fẹ́ yà, láìpẹ́ a óò máa mọ ìkòkò tí kò lè gba omi dúró. Kí a kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà fún ara wa, kí ó sì dára. Àlejò tí ó bá wá yóò bá ohun gidi.

Èwo wá ni kí a ṣe? Àwọn kan rò pé hòtẹ́ẹ̀lì ńlá àti ọ̀nà ọlọ́dà ni a óò fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà dára, a sì ń fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá dé Ìsàn lẹ́yìn tí amọ̀kòkò ìkẹyìn ti lọ, kí ni àlejò yóò wá wò? Ohun tí mo rí ni pé kí a fi ilé-ìwé bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ilé-ìwé ni ó gba Kathakali là. Kí ilé-ìwé girama tí ó wà ní agbègbè yìí máa pe ìyá amọ̀kòkò wá kọ́ni lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí a sì máa san owó fún un gẹ́gẹ́ bí a ti ń san án fún olùkọ́ ìṣirò. Nítorí ẹni tí a bá ní kí ó wá kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́, a ti sọ fún ọmọ pé ohun tí ó mọ̀ kò níye lórí. Kí ìlú Ọ̀yẹ́ sàmì sí ibi tí iṣẹ́ ọnà 1947 ti wáyé, kí a kọ orúkọ àwọn tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sára rẹ̀, kí ọmọdé lè máa kà á.

A kò tilẹ̀ ní láti wá àlejò kiri. Wọ́n ti dé. Láti ọdún 2011 ni a ti dá Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́, ó sì ní ẹ̀ka ní Ìkọ̀lé. Àwọn ọ̀dọ́ láti ìhà gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà ń wá síbẹ̀ lọ́dọọdún. Ilé-ìwòsàn ńlá ti Ìjọba Àpapọ̀ wà ní Ìdó, àwọn ènìyàn sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá síbẹ̀. Ọ̀dọ́ tí ó bá lo ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ní Ọ̀yẹ́, tí ó sì padà sílé láì dé Ìsàn tí kò jìnnà sí i, láì gbọ́ orúkọ Bándélé, láì mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìrè, àwa ni kò fi han án. Bí ó bá rí wọn, tí ó sì ra ìkòkò kan lọ fún ìyá rẹ̀, òun ni yóò ròyìn wa fún àwọn mìíràn láìgba owó.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, iṣẹ́ tiyín kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn kò lè bá yín ṣe é. Ẹ lọ bá ìyá àgbà tí ó wà nítòsí yín. Ẹ bi í léèrè orúkọ oríṣiríṣi ìkòkò àti ohun tí a ń fi olúkúlùkù wọn ṣe. Ẹ bi í ibi tí a ti ń wa amọ̀, àmì tí a fi ń mọ amọ̀ tí ó dára, àti ìgbà tí a ń mọ̀ pé iná ti tó. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè Yorùbá, ní ohùn ìlú yín gan-an, kí ẹ má sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Bí ó bá gbà fún yín, ẹ ti ọwọ́ bọ amọ̀ náà. Lẹ́yìn èyí, bí ẹ bá ní owó, ẹ lọ wo òkun. Ẹ dé Àgbádárìgì, bí Ọlọ́run bá sì bùkún yín, ẹ dé Kérálà pàápàá. Àwọn ará ibẹ̀ yóò bi yín pé kí ni ó wà ní ìlú yín. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí kò mọ ohun tí ó wà nílé rẹ̀ kì yóò lè dá wọn lóhùn.